Ijó Tí Bàbá Tíṣà Fi Sin Òkú

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti gba kámú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà á wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà ní Ìgàndó, ẹgbẹ́ akọrin kọ orin kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì létí sàréè. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo èèyàn sunkún. Nígbà kejì, wọ́n kọ ọ́ kíákíá, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sunkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ará Rọ́ṣíà kan ló ṣe é, ní ìlú tí yìnyín ti ń bo òrùlé, kí wọ́n tó bí bàbá àgbà mi rárá. Bó ṣe wá dé Ìgàndó, tó di ohun tí a fi ń sin òkú, ẹ̀bi bàbá àgbà mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, láti ilé dé ilé.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, títí kan àwọn tí kò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ rí. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó gbọ́njú, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nídìí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń rìn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń jẹun, ìka náà á máa lu etí abọ́. Bí àlùfáà bá ń wàásù, á máa lu ẹ̀yìn Bíbélì. Bí èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ bá sáré kọjá níwájú rẹ̀ ní àárọ̀, tí mo sì ju "Ẹ káàárọ̀, sà" sílẹ̀ bí ẹni ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, á pè mí padà.

"Bọ́lá, kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé ìwọ gbọ́ ọ?"

Màá tún un kí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀. Nígbà náà ni yóò tó dáhùn. "Ẹni tó bá kí mi láìfetí sí ara ẹ̀," á ní, "kò tíì kí mi."

Sòlfá ni ọgbọ́n tó ní láyé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní dùùrù kan rí, ikán sì ti jẹ ẹ́ ku irin, nítorí náà ẹnu nìkan la fi ń kọrin. Orin yòówù tí Bàbá Àgbà bá gbọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà, dò, rè, mì, fà, sò, sẹ́yìn ìwé réjísítà àtijọ́ tó kó bọ̀ láti ilé ìwé. Ohun tó fẹ́ràn jù lára sòlfá ni pé ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè mú dò. Ohùn lè ga, ohùn lè lọ sílẹ̀ bí ohùn ọ̀pọ̀lọ́, orin náà kò yí padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi, nítorí òun gan-an ló kó wa sí wàhálà.

Òyìnbó kan tó ń bá wọn la ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó ló fún un ní àwo orin yẹn. Bàbá Àgbà ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín òyìnbó náà àti àwọn onílẹ̀ tí wọ́n fi katakata wó igi obì wọn lulẹ̀, àwa náà sì wà lára àwọn onílẹ̀ náà. Ó ń túmọ̀ èébú sí ẹ̀bẹ̀, ó ń túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí ìlérí, gbogbo wọn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó fẹ́ lọ sílé, ó gbé giramofóònù kékeré alábátìrì kan fún un, pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo. Lẹ́tà tó wà lójú àwo náà jọ lẹ́tà tiwa tí ẹnìkan yí ẹsẹ̀ wọn sókè. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìyẹn kí ikán tó bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n jẹ ìsàlẹ̀ páálí tán, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí orin náà ṣe rí. Wọ́n fi òkè sílẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó ṣe é sí.

Ìtàn yẹn la fi tọ́ wa dàgbà. Símfónì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, orin ńlá alápá mẹ́rin tí àádọ́rùn-ún èèyàn lè máa fi ohun èlò ṣe pọ̀, tí ẹnì kankan ò sì ní lanu. Ará Rọ́ṣíà tó ṣe é, ọmọ ẹni tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì lábúlé ni. Bàtà bàbá rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀ lọ sí ìlú ńlá láti lọ kọ́ orin, bàtà náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ki koríko bọ̀ ọ́. Níbi ìgbéyàwó kan ló ti rí ọmọbìnrin kan tó ń jó. Ó bá a sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà kò dáwọ́ ijó dúró láti dá a lóhùn. Ó fẹ́ ẹ. Kò pé ọdún márùn-ún tí obìnrin náà kú. Ará Rọ́ṣíà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló wá jókòó, tó ṣe símfónì yìí fún un. Ibẹ̀ ni ikán bá a dé.

Bàbá Àgbà máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé òun àti ará Rọ́ṣíà náà jọ jìyà ìyàn kan náà níjọ́sí. Bàbá Délé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń darí àwọn oníbáàsì, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò lè gbà á mọ́ lọ́jọ́ kan.

"Tíṣà, ará Rọ́ṣíà yìí, agboolé wo ni wọ́n ti bí i ná, n'Ígàndó níbí?"

"Ó sún mọ́ wa jù ẹ́ lọ," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn. "Òun kì í pẹ́ẹ́ dé ibi ìdánrawò."

Kò sí iná mànàmáná ní Ìgàndó nígbà náà. Bátìrì mẹ́fà ni giramofóònù yẹn ń jẹ, òkúta rédíò là ń pè é. Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ òkú: bàbá àgbà mi láwọ́ lórí gbogbo nǹkan àyàfi òkúta rédíò. Kò ra mẹ́fà papọ̀ rí. Méjì tuntun ló máa ń rà, á wá fi wọ́n kún mẹ́rin àtijọ́. Àwọn àtijọ́ yẹn, Màmá Àgbà ló ń sá wọn sóòrùn. Gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà pé òkúta tó ti kú, bó bá yáàrùn dáadáa, á tún jí díẹ̀. Nínú páànù tó ń sá ata sí ló máa ń tò wọ́n sí, òkúta àti ata rodo á jọ máa gbóná pọ̀ lórí pèpéle.

"Àbẹ̀kẹ́, ata ti kó wọ òkúta mi."

"Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, Bàbá Láyí. Bóyá á jẹ́ kára ará Rọ́ṣíà yín yá gágá. Ó ń falẹ̀ jù. Àbí kì í jẹun ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rín in. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í kánjú. Màmá Àgbà gbọn ata kúrò lára òkúta kan, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi sọ fún un," ó ní, "pé mo ní kó tújú ká."

Apá kejì símfónì náà ni Bàbá Àgbà fẹ́ràn. Bó ṣe ń jáde nínú giramofóònù wa, ó wúwo, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, àwọn ohun èlò olókùn tó dà bí gòjé ń lọ ní méjì méjì bí àwọn tó gbé pósí. "Ibí yìí ló ti ń sin ín," á wí, á sì gbé ìka sókè kí a má bàa mí. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní sòlfá, ó pín in fún ohùn mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Orúkọ sòlfá nìkan la ń kọ. Àlùfáà ìjọ wa pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tíṣà, orin tí kò lọ́rọ̀ nínú, kí ni Ọlọ́run fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká fi lọ̀ Ọ́, sà," ni Bàbá Àgbà wí. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti sú U."

A kò tíì mọ̀ ọ́n tán nígbà tí Màmá Àgbà ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n sin ín sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ dé, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ. Apá kejì la kọ. Mo wà nínú àwọn olóhùn òkè, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo rí bàbá àgbà mi tó ń darí wa pẹ̀lú ojú gbígbẹ, ìka rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìṣìnà. Nígbà tí orin parí, ìka náà kò dúró. Bàbá Délé ló dì í mú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kú nínú ìjọ wa, ní Ìgàndó, ní Ìkòtún, títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọn ò ní kí a wá kọ Orin Rọ́ṣíà fún. Òun náà sì kìlọ̀ fún wa: "Èyí tẹ́ ẹ fi sin Àbẹ̀kẹ́ náà ni kẹ́ ẹ fi sin mí. Bí ẹ bá ṣì í kọ, màá dìde."

Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni owó epo dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé yòówù tí èèyàn bá wọ̀, ẹ̀rọ orin ńlá ló máa ń kọ́kọ́ kí i, onílé á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Bọ̀ọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ń gbé ní Dọ̀pẹ̀mú níbi tí iná wà, ó sì ra tirẹ̀, ó ga tó mi. Ó ránṣẹ́ pé kí Bàbá gbé ará Rọ́ṣíà wá kó wá gba atẹ́gùn. A lọ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi kan. Ìborùn Màmá Àgbà ni Bàbá Àgbà fi di àwo náà.

Bí apá kìíní ṣe bẹ̀rẹ̀, Bàbá Àgbà fajú ro.

"Láyí, ẹ̀rọ rẹ ń sáré."

"Kò sáré, sà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sójú àwo, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ yí po ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn."

Bàbá Àgbà ní kó pa á. Ó ya bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àwo, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un tàn. Ó ń ka bébà náà bó ṣe ń yí, ètè rẹ̀ ń mì, bó ṣe máa ń ka àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò lé, kò dín.

Nígbà náà ni apá kejì dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Gbogbo dò àti sò tí mo mọ̀ ló wà níbẹ̀, kò sọnù kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ń fò. Àwọn tó gbé pósí ti sọ pósí sílẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kọ́wọ́. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Láyí, tó gbé àwo ìrẹsì bọ̀ láti ẹ̀yìn, ti ń mi ìbàdí kó tó rántí pé bàbá ọkọ òun ló jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọ alájọgbé wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jó, wọ́n ń patẹ́wọ́. Bó bá ṣe pé ẹnìkan ń kọrin nínú àwo yẹn ni, à bá ti mọ̀ tipẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń lọ́. Ṣùgbọ́n ohun èlò lásán ni. Òkúta tí a sá sóòrùn kò lágbára láti yí i kíákíá bó ṣe yẹ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, sòlfá sì gbà á bó ṣe bá a.

"Ó dùn o, Bàbá!" ni Bọ̀ọ̀dá Láyí wí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ pa ẹ̀rọ.

"Ijó ni," ni Bàbá Àgbà wí. "Láyí, ijó ni mo fi sin ìyá rẹ."

Kò fọwọ́ kan ìrẹsì náà.

Bàbá Délé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó nu ojú. "Ta ló mọ̀, Tíṣà? Pa ẹnu mọ́, jàre. Ta ló fẹ́ lọ sí Rọ́ṣíà lọ bèèrè?"

"Èmi mọ̀," ni Bàbá Àgbà wí. "Mo sì ti fi sin òkú olókùú."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú agboòrùn, ó ní kí n jẹ́ ká lọ. Ilé gbogbo ẹni tí a ti kọ orin yẹn fún ló ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti tọrọ àforíjì. Ó máa ń ṣí fìlà kó tó wọlé. "Mo ṣàṣìṣe níbi ìsìnkú bàbá yín," á wí. "Orin ijó ni mo kọ fún wọn. Ẹ má bínú." Àwọn kan kò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n gbé omi fún un. Ọkùnrin kan ní Ìkòtún rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun fẹ́ràn ijó, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé kan, obìnrin tí a bá sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wò ó títí.

"Ẹ wá ń jó lórí ọmọ mi, Tíṣà?"

Ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Àgbà dúró níta nínú oòrùn, fìlà lọ́wọ́, kò ṣí agboòrùn. Mo fà á láṣọ pé kí a máa lọ. "Jẹ́ kí n dúró díẹ̀," ó ní. "Ó tọ́ sí mi."

Ẹ̀gbẹ́dá ni a lọ kẹ́yìn, sọ́dọ̀ Ìyá Dúpẹ́, opó kan tó ń rán aṣọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é nígbà náà," ó ní. "Èmi rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Lọ́jọ́ ìsìnkú, bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ yẹn, ọkọ mi ni mò ń rí tó ń jó. Bàbá Dúpẹ́! Tí bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọnù lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tó fi ẹsẹ̀ kan jó dópin. Mo ń sunkún, mo sì ń wò ó. N ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ rẹ̀. "Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, sà. Ẹ máà gbà á lọ́wọ́ mi."

Èmi àti Bàbá Àgbà ń rìn bọ̀. A ti fẹ́ẹ̀ dé Ìkòtún kó tó dúró sáàárín ọ̀nà.

"Bọ́lá. Níbo ló ti kọ́kọ́ rí ìyàwó rẹ̀?"

"Ta ni, sà?"

"Ará Rọ́ṣíà, ta ni ì bá tún jẹ́!"

"Níbi ìgbéyàwó. Ó ń jó."

"Obìnrin náà kò sì dáwọ́ ijó dúró," ni Bàbá Àgbà wí, ó sì ṣí agboòrùn lé mi lórí.

Ní Ìkòtún, ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tọ́ọ̀ṣì. Ó ra òkúta mẹ́fà, tuntun, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà tún un kà. "Mẹ́fà, Tíṣà? Ẹ fẹ́ gbéyàwó ni?" Bàbá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi gbé giramofóònù sórí sìmẹ́ǹtì Màmá Àgbà lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kìíní, ó kàn jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, ó dìde. N kò rí i kó jó rí, mo sì lè sọ fún yín báyìí pé kò mọ̀ ọ́n jó: ọkùnrin tó mọ ìlà orin tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé lẹ́yìn ìlà bí oníbáàsì tó pẹ́ dé. Ó ká agbádá, ó tẹ̀ ba, ó ń yí po níwájú sìmẹ́ǹtì náà, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, má bínú," ó ń wí. "Òtítọ́ lo sọ. Mo falẹ̀ jù." Bàbá Délé, tó wá láti wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bọ́ bàtà, ó bá a jó.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, agbára òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ijó náà ń wúwo, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, títí àwọn tó gbé pósí fi tún dé. Mo fẹ́ pa á. Bàbá Àgbà di ọwọ́ mi mú. "Fi sílẹ̀," ó ní. "Gbọ́ ọ. Ọ̀kan náà ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ti jí ṣáájú mi. Ó ti yọ òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ti tò wọ́n sínú páànù ata Màmá Àgbà, ó sì ti gbé páànù náà sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń dé. Ó jókòó tì í lórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná. Mo kúnlẹ̀. Mo kí i díẹ̀díẹ̀, mo sì fetí sí ara mi dáadáa bí mo ṣe ń kí i. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà létí páànù. Kò lù ú. Mo fọwọ́ kan òkúta kan, ó ti gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan ìka náà, ó ti tutù.